National Stadium Sùúrùlérè: àwọn ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu èèyàn

Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè yìí, wọn ò tíì bí wọn nígbà tí bọ́ọ̀lù gidi ṣì ń lọ níbẹ̀. Mo kó ìbéèrè yín jọ síbí, mi ò tò wọ́n tẹ̀lé ọdún, kí kálukú wá tiẹ̀ nínú ẹ̀.

Ṣé National Stadium àti Teslim Balogun, ibì kan náà ni?

Rárá o, aládùúgbò ni wọ́n. Wọ́n dojú kọra, títì ló wà láàárín méjèèjì, ní agbègbè Western Avenue (Funsho Williams Avenue ló wà nínú ìwé báyìí, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu kọ́ńdọ́). Èyí tó tóbi, tó dàgbà, ti ìjọba àpapọ̀ ni, 1972 ni wọ́n kọ́ ọ. Teslim Balogun ní tiẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ni ín, ayé Gbolahan Mudasiru ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1984, iṣẹ́ dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró, ó di 2007 kí wọ́n tó ṣí i. Ó gba èèyàn bíi 24,000. Teslim Balogun tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é yẹn, "Thunder" ni wọ́n ń kì í, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láwọn ọdún 1950. Torí náà bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù "ní Sùúrùlérè" lọ́dún 2021, Teslim Balogun ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe èyí.

Kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ National Stadium gan-an?

Torí All-Africa Games ni. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Brazzaville lọ́dún 1965, Bamako ní Mali ló yẹ kó gba ìkejì lálejò lọ́dún 1969, ṣùgbọ́n àwọn sọ́jà gbàjọba ní Mali nípárí 1968, ètò bá fọ́. Èkó bá ní kí wọ́n gbé e wá. Ẹ sì rántí pé Nàìjíríà fúnra ẹ̀ ń jagun lọ́wọ́ nígbà yẹn, ogun Biafra ò tán àfi January 1970, bí gbogbo ẹ̀ ṣe sún títí dé January 1973 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá bi mí, Gowon ń wá nǹkan tó ju eré ìdárayá lọ. Ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ ni, ó fẹ́ kí àlejò wá, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n rí i pé onílé ò kú.

Ọjọ́ keje January ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejìdínlógún ni wọ́n parí. Àwọn tó fẹ́ràn eré sísá ò lè gbàgbé 1500 mítà ọdún yẹn, Filbert Bayi ọmọ Tanzania ló fi Kip Keino ọmọ Kenya sẹ́yìn. John Akii-Bua ti Uganda náà wà níbẹ̀, ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òlíńpíìkì Munich bọ̀ ni pẹ̀lú góòlù 400 mítà onífífò, ó tún gba ti Èkó mọ́ ọn. Níbi bọ́ọ̀lù, Nàìjíríà na Guinea 2-0, àwa la gba góòlù. Egypt ló ṣe ipò kìíní nínú kíka mẹ́dàlì, àwa la tẹ̀lé wọn.

Ibo ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀? Ṣé National Stadium ni Pelé ti wá gbá?

Oníkan ni, ní Lagos Island lọ́hùn-ún, King George V ni wọ́n ń pe pápá yẹn láyé òyìnbó. Ibẹ̀ ni Pelé àti Santos, ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Brazil, ti gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Nàìjíríà ní January 1969, Pelé ló jẹ gòólù Santos méjèèjì. Wọn ò tíì kọ́ ti Sùúrùlérè nígbà yẹn, torí náà bí ẹnì kan bá ní bàbá òun jókòó sí National Stadium wo Pelé lọ́dún náà, ẹ sáà máa rẹ́rìn-ín. Ìtàn pé ogun dúró nítorí Pelé náà, ó dùn létí, ó sì ti dé gbogbo ayé, àmọ́ àwọn tó wádìí ẹ̀ dáadáa ò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Oníkan ọ̀hún ni wọ́n tún kọ́ tí wọ́n ń pè ní Mobolaji Johnson Arena báyìí.

Èèyàn mélòó ló ń gbà?

55,000 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nígbà tó di 1999 wọ́n dín in kù sí 45,000. Ìyẹn ni ti inú ìwé o. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá gbóná, ta ló ń ka àga? Ní fáínà ọdún 1980, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ jẹ́ 80,000, ẹ ro iye àwọn tó dúró lórí àtẹ̀gùn, àwọn tó jókòó lé ẹsẹ̀ ara wọn àtàwọn tó gun ohun tí kò yẹ kéèyàn gùn.

Ẹ sọ ti 1980 yẹn fún wa dáadáa, àwọn bàbá wa ò yéé sọ ọ́.

Wọn ò lè yéé sọ ọ́ náà. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù March 1980, fáínà Ife Ẹ̀yẹ Áfríkà, Nàìjíríà àti Algeria. Títí di ọjọ́ yẹn, a ò tíì gba ife yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbá a. Ààrẹ Shehu Shagari jókòó síbẹ̀. Kóòṣì wa jẹ́ ọmọ Brazil, Otto Glória, Christian Chukwu tí wọ́n ń pè ní "Chairman" sì ni kápútẹ́nì. Green Eagles ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, 1988 ló di Super Eagles.

Bọ́ọ̀lù ò tíì lọ jìnnà, ìṣẹ́jú kejì péré, Segun Odegbami ti jẹ ọ̀kan. Ó tún jẹ ìkejì ní ìṣẹ́jú 42. Wọ́n lọ sinmi, wọ́n padà dé, ìṣẹ́jú 50 Muda Lawal fi ìkẹta sí i. Ó parí síbẹ̀, 3-0. Àwọn Algeria yìí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré o, ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n lọ na West Germany ní Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù ní Spain!

Ohun tó dùn mọ́ àwọn ará Ìbàdàn jù nínú ẹ̀ ni pé Odegbami, Muda Lawal, Felix Owolabi àti Best Ogedegbe tó ṣọ́ ilé, IICC Shooting Stars ni gbogbo wọn ti wá. Èkó gbàlejò lóòótọ́, àmọ́ Ìbàdàn ló se ọbẹ̀. Ernest Okonkwo tó máa ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò ló fún Odegbami ní "Mathematical" tó ń jẹ́ títí dòní. Shagari fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ilé àti mọ́tò Peugeot 504, nígbà yẹn tẹ́nì kan bá ní 504, àdúgbò á mọ̀.

Ta ni Odiye tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ó ti tó. Ọjọ́ kejìlá November 1977 ni, Nàìjíríà ń bá Tunisia gbá nílé nínú ìdíje láti lọ Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù ní Argentina lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù kan wọlé láti ẹ̀gbẹ́, Godwin Odiye fò láti fi orí lé e jáde, bọ́ọ̀lù bá orí ẹ̀ wọ àwọ̀n tiwa. 1-0 fún Tunisia, Tunisia ló lọ. Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa lọ wá di 1994. Odiye gbá bọ́ọ̀lù púpọ̀ tó dáa ṣáájú ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn ò rántí ọ̀kankan níbẹ̀.

Ère ta ló wà níta pápá yẹn?

Samuel Okwaraji ni. Ọjọ́ kejìlá August 1989, Nàìjíríà àti Angola ń gbá láti mọ ẹni tó máa lọ Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù Italy 1990. Stephen Keshi ti jẹ gòólù kan fún wa. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 77, Okwaraji ṣubú lulẹ̀, kò sí ẹni tó gbá a, kò sí bọ́ọ̀lù nítòsí ẹ̀, ó kàn ṣubú ni. Kò dìde mọ́. Nígbà tí dókítà yẹ òkú ẹ̀ wò, wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára ẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni. Ó ti kàwé òfin dé Rome, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Jámánì, kò sí ohun tó ní kó wá àfi pé ìlú ẹ̀ pè é.

Ohun táwọn èèyàn kì í fi kún un ni pé lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn òǹwòran kan kú nínú èrò tó há jù. Ère ò sí fún ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdíje eré sísá ilẹ̀ Áfríkà nínú pápá náà, ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ kẹjọ August, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀ ni èyí ṣẹlẹ̀.

Ṣé bọ́ọ̀lù Ikpeba yẹn wọlé àbí kò wọlé?

Ó wọlé. Mi ò fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn kankan, ẹ lọ wo fídíò ẹ̀.

Ó dáa, fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: ọdún 2000, Nàìjíríà àti Ghana ló jọ gba Ife Ẹ̀yẹ Áfríkà lálejò lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ Zimbabwe. Àwọn Eagles gbá gbogbo tiwọn ní Sùúrùlérè. Ní kọ́tà fáínà, Senegal ti ń nà wá lọ ilé kí Julius Aghahowa, ọmọ ọdún 17 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé, tó jẹ méjì, ìkejì nínú àfikún àkókò, òfin gòólù ọlọ́lá ṣì wà nígbà yẹn torí náà bó ṣe wọlé báyìí bọ́ọ̀lù parí, èrò bá ya wọ pápá. Ní sẹmí fáínà Tijani Babangida jẹ méjì lu South Africa. Gbogbo Èkó ti ń ra ohun mímu sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá February, Cameroon. Eto'o jẹ ọ̀kan, Mboma jẹ ìkejì, pápá pa lọ́lọ́. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà kí wọ́n tó lọ sinmi, wọ́n ń padà dé báyìí ni Jay-Jay Okocha ta ọ̀kan látòkèèrè, 2-2. Ó di pẹ́nárítì. Gólì wọn mú ti Kanu. Ó kan Victor Ikpeba, ó gbá a, ó lu igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀ sínú ilé, ó tún ta jáde, rẹfirí ní kò wọlé. Rigobert Song gbá tiẹ̀ wọlé, 4-3, Cameroon gbé ife lọ níwájú wa. Kò sí VAR (fídíò tí rẹfirí fi ń yẹ ìpinnu ẹ̀ wò) nígbà yẹn, kò sí nǹkan kan tó máa pe rẹfirí padà. Ìdíje ńlá tó kẹ́yìn nínú pápá yẹn nìyẹn, bó ṣe jẹ́ pé igi òkè la fi pàdé ẹ̀ kẹ́yìn ṣì ń dun àwọn kan.

Ṣé lóòótọ́ ni Xavi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Fáínà ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́, ọjọ́ kẹrìnlélógún April 1999, Spain na Japan 4-0. Xavi wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, Iker Casillas náà wà níbẹ̀.

FESTAC 77 ńkọ́? Mo rò pé National Theatre ni.

Àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú àgbáyé ni FESTAC. Púpọ̀ nínú ẹ̀ wà ní National Theatre, Ìgànmú, àmọ́ Sùúrùlérè ni wọ́n ti ṣí i, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún January 1977. Àwọn èèyàn dúdú láti gbogbo ayé tò wọ inú pápá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn kan gun igi gíga rìn, wọ́n tú ẹyẹlé ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀, adóṣù Ṣàngó ló sì tanná sí àwo iná àjọ̀dún náà. Obasanjo ló wà lórí oyè nígbà yẹn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ ibẹ̀.

Yàtọ̀ sí pápá bọ́ọ̀lù, kí ló tún wà nínú ọgbà yẹn?

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀, torí bí wọ́n bá ti dárúkọ National Stadium, pápá ńlá tí kò sí bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀ nìkan lẹ máa ń rò, ẹ máa ń ní "ó ti kú". Kò kú. Orí ẹ̀ ló ń sùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn kóòṣì wà níbẹ̀, National Institute for Sports, ìyẹn NIS. Púpọ̀ nínú àwọn kóòṣì tẹ́ ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn nílẹ̀ yìí, látorí bọ́ọ̀lù dórí eré sísá, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí. Jíìmù àwọn akànṣẹ́ wà níbẹ̀, Brai Ayonote ni wọ́n fi sọ ọ́, bẹ́ ẹ bá kọjá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ẹ óò gbọ́ ìró ẹ̀ṣẹ́ lára àpò kẹ́ ẹ tó rí èèyàn kankan. Gbọ̀ngàn abẹ́ òrùlé wà fún àwọn eré inú ilé bíi tẹ́níìsì orí tábìlì. Kọ́ọ̀tù tẹ́níìsì wà, ibi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì wà, ibi ìsáré wà yí pápá ńlá ká. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà tí ìwọ̀n ẹ̀ tó ti Òlíńpíìkì, ìyẹn gan-an wà lára ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́, torí odò ìlúwẹ̀ẹ́ ń fẹ́ omi tuntun, ó ń fẹ́ kẹ́míkà, ó ń fẹ́ páńpù àti iná tí kì í lọ, ọjọ́ tí owó bá dúró omi á di àwọ̀ ewé.

Bí mo ṣe rí i nìyí: níbi tí ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ bá wà, tó máa gbálẹ̀, tó máa pariwo bí gílóòbù bá jó, ibẹ̀ ò bàjẹ́ pátápátá. Akànṣẹ́ ò lè dúró de Abuja kó tó so àpò ẹ̀ kọ́. Pápá ńlá ò ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ìdíje ló ní, nígbà tí ìdíje lọ kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ká lára.

Kí wá ló dé tí Super Eagles ò gbá níbẹ̀ mọ́?

Ọ̀rọ̀ gígùn. Kúkúrú ẹ̀ ni pé wọ́n kọ́ ti Abuja fún All-Africa Games 2003, èyí tó gba èèyàn tó lé ní 60,000, ojú ìjọba bá kúrò lára ti Èkó. Láti nǹkan bíi 2004 bọ́ọ̀lù ńlá ti dáwọ́ dúró níbẹ̀. Koríko gbẹ, igbó hù, àga já, àwọn ọmọ ìta bẹ̀rẹ̀ sí í sùn síbẹ̀, àwọn kan kọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ta bíà àti ẹja yíyan, àwọn oníwàásù náà máa ń háyà ẹ̀ fún ìsọjí. Mi ò bá ẹlẹ́ja jà o, ẹja ibẹ̀ dùn. Àmọ́ ilé tí wọ́n kọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Áfríkà ò yẹ kó di ibi ẹja nìkan.

Nísinsìnyí Uyo ni ẹgbẹ́ wa sábà máa ń gbá, pápá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2014, tàbí kí wọ́n lọ Abuja. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ padà wá sí Èkó lọ́dún 2021, òdìkejì títì ni wọ́n lọ, Teslim Balogun, wọ́n na Liberia 2-0, Central African Republic wá nà wọ́n 1-0, wọ́n gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Cape Verde.

Kí ló dé tí ìjọba Èkó ò kúkú gbà á?

Wọ́n bèèrè. Lọ́dún 2009 wọ́n wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ pẹ̀lú National Sports Commission pé kí wọ́n fún àwọn. Kò yọrí sí nǹkan kan. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ẹni tó ni ín ń gbé Abuja, ẹni tó ń wò ó lójoojúmọ́ ò láṣẹ lórí ẹ̀. Tèmi ni pé ìṣòro pápá yìí gan-an nìyẹn, kì í ṣe owó nìkan. Owó wà nígbà tí wọ́n kọ́ ti Abuja.

Ṣé wọn ò tún un ṣe rárá?

Wọ́n gbìyànjú. Láyé tí Sunday Dare jẹ́ mínísítà eré ìdárayá, ìyẹn láàárín 2019 sí 2023, wọ́n ní káwọn olówó gba pápá kọ̀ọ̀kan ṣe. Aliko Dangote gba ti Abuja, Kessington Adebutu sì gba ti Èkó pẹ̀lú mílíọ̀nù kan dọ́là. Wọ́n ṣiṣẹ́ lórí koríko, wọ́n sì ní káwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù láìgbàṣẹ kó ẹrù wọn. Iṣẹ́ tó dáa ni, mo kí bàbá náà. Àmọ́ koríko nìkan ò tó láti gba ìdíje ńlá báyìí. Àwọn CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfríkà, á ka àga ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń múra, wọ́n á wo iná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀nà tí èrò máa gbà sá jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ Okwaraji.

Moshood Abiola National Stadium, ṣé òun ni ti Sùúrùlérè?

Rárá, ti Abuja ni. Buhari ló fi orúkọ MKO sọ ọ́ ní June 12, 2019.

Báwo ni mo ṣe máa débẹ̀?

Bẹ́ ẹ bá wà ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ wọ dánfó tó ń lọ Costain, ẹ ní "Stadium ó wà o", kọ́ńdọ́ á já yín sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Bẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Masha wá, ẹ̀gbẹ́ kejì ọgbà náà lẹ máa bọ́ sí. Tó bá jẹ́ eré sísá àárọ̀ Sátidé lẹ ń bá lọ, ẹ tètè dé, oòrùn Èkó kì í dúró de èèyàn, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní géètì ibi tó ṣí lọ́jọ́ yẹn, torí kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ lẹ fẹ́ kọ́, ẹ má lọ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá wọn ní jíìmù, kẹ́ ẹ sì mú aṣọ tí ẹ lè làágùn sí dání.